Tàtàṣé inú Yàrá Olúsànyà

Bí àlejò bá wọ Ìjù-Odò, tó rí Olúsànyà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti gbẹ bí igi ìdáná, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ṣé ogun ló ṣe bàbá báyìí. Àlejò kò jẹ̀bi. Ọdún tí ogun dé Òrè, tí àwọn ará Ìkálẹ̀ ń di ẹrù wọnú igbó, ọdún náà gan-an ni ẹsẹ̀ yìí kú. Ṣùgbọ́n sójà kankan kò fọwọ́ kàn án. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ti gbó, ó sì mọ̀ pé ó ti gbó. Ó ní kí òun fi gun ọ̀kan péré sí i kí òun tó wá òmíràn, ọ̀kan péré náà ló sì gun kẹ́yìn láyé. Ì bá wù ú kó jẹ́ ogun. Ẹni tí ogun ṣe léṣe ní ìtàn tó lè sọ láwùjọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀pẹ gbọ̀n dànù, kí ló fẹ́ sọ?

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ Ìkórè. Nínú ìjọ Aládùúrà tí òun àti aya rẹ̀ ń lọ, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe Ìkórè tiwọn. Alàgbà Ọmọ́túndé, olórí ìjọ, yóò dúró níwájú pẹpẹ, yóò máa pe àwọn ọkùnrin lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá pè yóò gbé ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbìn lọ́dún náà jáde, yóò gbé e kalẹ̀, ìjọ yóò sì dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ." Ohun tí a fowó rà lọ́jà kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì yẹn. Lẹ́yìn àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ṣe tán, tí orin bá ti lọ sílẹ̀, ni wọ́n tó ń pe àwọn aláìsàn. Àwọn yẹn kì í mú nǹkan kan wá. Ara wọn ni wọ́n ń gbé wá, kí àwọn tó kù lè ṣàdúrà lé wọn lórí.

Àárín àwọn aláìsàn ni wọ́n gbé Olúsànyà sí lẹ́yìn tó ṣubú. Ọdún àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ kan sọ. Ẹ̀mí tí kò bá ìṣubú náà lọ ló ń dúpẹ́ lé lórí. Ní ọdún kejì, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, Salome, ló jókòó tì í. Ìyá náà na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó bèèrè pé ta nìyí. Wọ́n ní Olúsànyà ni. Ìyá tún bèèrè pé:

"Olúsànyà tó máa ń kọ ẹyìn nígbà kan rí?"

Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kì í pẹ́ gbàgbé, wọ́n sì máa ń bèèrè ohun tí wọ́n bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n "nígbà kan rí" yẹn wọ Olúsànyà lára, kò sì jáde mọ́. Ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì le bí igi ìrókò, wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ òkú sọ ọ́. Ọjọ́ náà ló pinnu nínú ara rẹ̀ pé ọdún tó ń bọ̀, wọn yóò pe òun láàrin àwọn ọkùnrin, òun yóò sì ní ohun tí òun yóò gbé kalẹ̀.

Kí wá ni ẹni tí kò lè dé oko lè gbìn? Ó rò ó títí. Iṣu kò ṣeé gbìn sínú yàrá, ẹ̀gẹ́ kò ṣeé gbìn sínú yàrá. Ata wẹẹrẹ ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé gbogbo ènìyàn, àwọn adìẹ ló ń gbìn ín; ta ni yóò gbé irú ìyẹn wá síwájú pẹpẹ? Ọjọ́ kan ni Agatha, aya rẹ̀, ti ọjà Okitipupa dé pẹ̀lú tàtàṣé méjì, pupa fòò, tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, tó rà lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kó o wá láti Òkè Ọya. Olúsànyà gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń gbin tàtàṣé ní gbogbo agbègbè wọn. Àwọn tó dán an wò rí, òjò ló bá wọn jẹ gbòǹgbò rẹ̀ títí tó fi rà. Òjò Ìkálẹ̀ kò mọ àlejò. Ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá Olúsànyà kọjú sí ìlà-oòrùn. Oòrùn ń wọlé níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, òjò kò sì lè wọlé. Ó ní kí Agatha má ṣe da irúgbìn inú rẹ̀ nù.

Agatha kò fi í rẹ́rìn-ín. Irú obìnrin tí kì í fi ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Ìyá Lérè ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ọmọ wọn tó wà ní Èkó, òun nìkan ló sì ń sáré ilé láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú. Òun ló ń fún epo pupa ní ẹkù, ibi ìfúnpo, òun ló ń yan pupurù ẹ̀gẹ́, òun ló ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ síbi tó bá fẹ́ yàgbẹ́ kó tó di pé Vincent, àbúrò Olúsànyà, gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní òun fẹ́ gbin ata sínú yàrá tí àwọn jọ ń sùn, ibi tí yóò ti rí erùpẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe ẹnu tí yóò fi bá a jà.

Vincent ló wá garawa epo tó ti jò kiri, tó gé orí wọn, tó sì fi ìṣó dá ihò sí wọn nídìí. Olúsànyà fúnra rẹ̀ ló po erùpẹ̀: erùpẹ̀ dúdú etí odò, ìgbẹ́ ewúrẹ́, àti pàǹtí ẹyìn tó ti jẹrà ní ẹkù. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ pò ó, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí erùpẹ̀ wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, omi lé sí i lójú, ó sì ní èéfín ni.

Irúgbìn náà hù. Láti ìgbà náà, ọkùnrin náà di olóko. Ilẹ̀ yàrá ló ń fi ìdí wọ́ kiri, láti garawa dé garawa, ó ń yí wọn lójú oòrùn kí igi wọn má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi ọ̀pá tín-ín-rín tì wọ́n, ó fi okùn imọ̀ ògùrọ̀ dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n tan òdòdó funfun wẹẹrẹwẹẹrẹ, ó ṣàkíyèsí pé òdòdó náà ń rẹ̀ dànù láìso. Ó rò ó pé nínú oko, afẹ́fẹ́ ló ń mi ata. Nínú yàrá, kò sí ohun tó ń mì ín. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n fúnra rẹ̀ ní àràárọ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ra inú òdòdó wọn jẹ́jẹ́. Vincent bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti di ìyá ọlọ́mọ wẹẹrẹ, pé ó kù kó gbé wọn pọ̀n. Olúsànyà ní kó máa rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ata so.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tàn kálẹ̀. Alàgbà Ọmọ́túndé fúnra rẹ̀ wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú garawa, ó rí ata tútù ńláńlá tó ń so rọ̀, ó ní Olúwa mà ń ṣe nǹkan ńlá, pé ìjọ òun kò tíì rí tàtàṣé lórí tábìlì Ìkórè rí. Lẹ́yìn tó lọ, Olúsànyà kò lè jẹun dáadáa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ti pẹ́ tó ti ní ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń lọ nínú ilé yẹn. Ní àràárọ̀, kí Agatha tó lọ sí ẹkù, ó máa ń fi omi àdúrà wẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Wòlíì ìjọ ló ń ya omi náà sí mímọ́, òun ló sì ní kí wọ́n máa bu iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ni kì í jẹ́ kí ohun rere bàjẹ́. Olúsànyà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí bí obìnrin náà ṣe ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ra òun, tó ń ka Sáàmù lábẹ́ ẹnu, àánú rẹ̀ a ṣe é, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ṣe tán, Vincent á wá gbé e jáde lọ sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, Agatha á sì ku òun nìkan nínú yàrá láti palẹ̀ mọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, tí Ìkórè ń sún mọ́lé, etí ewé tàtàṣé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ohun tí iná rá. Olúsànyà rò pé oòrùn ti pọ̀ jù. Ó wọ́ wọn kúrò lójú fèrèsé. Ewé ń gbẹ sí i. Ó rò pé òǹgbẹ ni. Ó ní kí wọ́n fi omi kún omi. Ewé ń já. Ó wá rò pé pàǹtí ẹkù ni kò tíì jẹrà dáadáa nígbà tó pò ó, ó sì bú ara rẹ̀, ó ní àgbẹ̀ wo ni òun tí òun kò mọ èyí tó ti jẹrà yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì jẹrà. Àwọn ata tó ti ń dá pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rọ̀ pọ̀jọ̀ lórí igi. Bó bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á bọ́. Agatha ń sunkún, ó ń lọ sọ́dọ̀ Wòlíì, ó ń bọ̀. Ó ní kí ọkọ òun má ṣe sọ̀rètí nù, pé àwọn ń gbàdúrà sí i.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, ó fẹ́ fa garawa kan sún mọ́ fèrèsé padà, ó sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fọwọ́ ti erùpẹ̀ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ohun funfun kan gbẹ mọ́ etí garawa yíká, bí èyí tó máa ń gbẹ mọ́ ara ìkòkò ọbẹ̀. Ó fi ìka gbá a, ó fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Ó tẹ garawa sí ẹ̀gbẹ́, ó wo ìdí rẹ̀. Gbogbo ihò tí Vincent dá ni wọ́n ti fi oje àbẹ́là dí, àbẹ́là funfun inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ìkejì, bákan náà ni. Kò sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú wọn.

Nígbà tí Agatha wọlé, ibi tó wà nílẹ̀ náà ló ti bá a.

"Ìyá Lérè, kí lò ń dà sínú ata mi?"

Obìnrin náà kò purọ́. Kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń purọ́ lé lórí ni. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Tẹ́lẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni òun máa ń da omi tí òun bá fi wẹ ẹsẹ̀ náà sí, nítorí omi tí a yà sí mímọ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò sójú ọ̀nà tí ènìyàn ń tẹ̀. Ìdí ohun tó ní ìyè ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ̀yìn náà ni Wòlíì ríran pé omi náà kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé títí àìsàn fi máa jáde, pé bó bá ti jáde, ìwòsàn ló bá a lọ. Òun wo yàrá yíká. Ohun tó ní ìyè nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, kò ju ata lọ. Òun dà á síbẹ̀. Omi ń jò jáde nídìí garawa sórí ilẹ̀ tí àwọn ń tẹ̀, ìyẹn náà ẹ̀ṣẹ̀ ni, òun bá fi àbẹ́là dí i. Nígbà tí ata bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, òun sọ fún Wòlíì, Wòlíì sì ní kí òun fi kún iyọ̀ náà.

"Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ àti ata náà jọ dìde ni, Bàbá Lérè."

Olúsànyà gbé ọwọ́ sókè. Inú ń bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú, ì bá sì lù ú, ṣùgbọ́n ta ni yóò lù? Obìnrin tó gbé e pọ̀n bí ọmọ tuntun nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, tí egungun rẹ̀ kò tíì san. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò lè bínú sí i, kò sì lè dárí jì í, ó sì rí i pé bí òun yóò ṣe máa bá a gbé nìyẹn títí òun yóò fi kú. Ó ní kó dìde nílẹ̀, pé ilẹ̀ tutù.

Vincent ní tirẹ̀ kò lè pa á mọ́ra. Nígbà tó gbọ́, ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá, ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé òun yóò lọ bá Wòlíì náà. Olúsànyà ní kó jókòó. Wọ́n fi ìṣó tú àbẹ́là kúrò nínú àwọn ihò, wọ́n gbé garawa sí gbangba, wọ́n ń fi omi odò ṣan erùpẹ̀ náà, bóyá iyọ̀ á bá omi lọ. Igi kan ṣoṣo ló dáhùn. Ewé bíi mélòó kan ṣẹ́kù lórí rẹ̀ àti ata kan ṣoṣo, tútù, tí kò tó nǹkan. Olúsànyà kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wò ó. Lọ́sẹ̀ Ìkórè gan-an ni ata náà bọ́. Ó jí lówùúrọ̀, ó rí i lórí erùpẹ̀, ó ti wú ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Agatha wá sọ ohun tó ti ń rò. Ó ní tàtàṣé wà ní Okitipupa, irú kan náà, pé ta ni yóò dá ti ọjà mọ̀ yàtọ̀? Olúsànyà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó bi í pé ṣé ó ti gbàgbé ọdún tí Aríyọ̀ ra iṣu wá sí Ìkórè, tí wọ́n ní kó gbé e padà sílé lójú gbogbo ìjọ. Agatha kò gbàgbé. Ta ló sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ náà, tó ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kó má ṣe jókòó sáàrin àwọn ọkùnrin? Olúsànyà fúnra rẹ̀ ni.

Ó ní òun kò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wá ní Ìkórè, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ pé ó wà lórí àkéte àìsàn, wọ́n á sì ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyẹn burú ju kó wà níbẹ̀ lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun rẹ̀, Vincent gbé e pọ̀n lọ. Ó ní kí wọ́n gbé òun sẹ́yìn lọ́hùn-ún, sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, kí ojú má baà pọ̀ lára òun. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sọ fún Alàgbà pé ata ti kú. Agatha kò lè sọ ọ́, ojú sì ń ti Olúsànyà láti sọ ọ́. Wọ́n rò pé ó ti tó bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá rí i níbi tó jókòó sí yóò ti mọ̀.

Iṣu ń wọlé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wọlé, ẹyìn ń wọlé lódindi ìdì. Alàgbà ń pe àwọn ọkùnrin, wọ́n ń jáde, ìjọ ń dáhùn. Olúsànyà tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, ó ń retí kí ti àwọn ọkùnrin parí. Ó ṣẹlẹ̀ pé Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kan sáàrin tábìlì. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè.

"Olúsànyà, àgbẹ̀."

Gbogbo orí yí padà. Inú wọn dùn. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ nípa tàtàṣé inú yàrá, gbogbo wọn ló ń dúró dè é. Àwọn obìnrin kan ti ń pàtẹ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè yẹn, láàrin àwọn ọkùnrin, bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pè é láti ọdún tó kọjá, kò sì sí ewé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó rí Agatha tó ti fi ìborùn bojú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Àtẹ́wọ́ náà ń dínkù.

"Bàbá Alàgbà," ó ní, "ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ ó pè mí nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn."

Alàgbà Ọmọ́túndé pe Vincent. Vincent gbé iṣu rẹ̀ lé èjìká, ó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì náà kọjá lọ síwájú, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.